Orúkọ Azieb Lára Kẹ̀kẹ́ Ghirmay

Ènìyàn ló ń gun kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí Kibrom kọ́kọ́ rí Azieb, kẹ̀kẹ́ ló gun Azieb. Èjìká ló gbé e kọ́, kẹ̀kẹ́ eré ìje àtijọ́ tí àwọn Ítálì fi sílẹ̀ ní ìlú Asmara, táyà rẹ̀ ti jẹrà, ṣéènì rẹ̀ ti dípẹtà. Òógùn ń ro lójú ọmọbìnrin náà, síbẹ̀ kò bẹ ẹnikẹ́ni kó ran òun lọ́wọ́. Kibrom, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọjà, fi sípánà sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà ti wù ú lójú ẹsẹ̀.

"Àǹtí, ibo lẹ ti ń gbé òkú bọ̀?"

"Bí o kò bá lè jí i, sọ, kí n wá ẹni tó mọṣẹ́ lọ."

"Ha! Ẹnu yín mú ju ayùn mi lọ o. Ẹ gbé e wọlé."

Kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ni, Ghirmay, eléré ìje àtijọ́. Azieb, olùkọ́ ìṣirò, fẹ́ fi gun òkè tó ti ìlú Ghinda wá sí Asmara.

"Bàbá ní kí n lọ mójú tó ìdáná."

"Kí lẹ wá sọ?" Kibrom béèrè.

"Mo ní mo ti mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè. Òkè ló kù."

Fún oṣù mẹ́ta, bí ilé ìwé bá ti parí, á wá. Wọ́n jọ ha ọ̀dà àtijọ́ dànù. Kibrom gé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà kúrú kó lè bá apá Azieb mu, ó sì rán awọ ewúrẹ́ sí ìjókòó rẹ̀. Wọn a fọ gírísì kúrò lọ́wọ́, wọn a jọ jẹ injera, àkàrà pẹlẹbẹ ilẹ̀ wọn, nínú àwo kan. Lọ́jọ́ tí Azieb fi òkèlè sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti kẹ̀kẹ́.

Ìfẹ́ ló mú kí Kibrom ṣìṣe. Nígbà tó kun kẹ̀kẹ́ tán, ó kọ orúkọ Azieb sára irin rẹ̀ kó lè yà á lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ òun náà mọ̀ pé láàárín àwọn eléré ìje ibẹ̀, a kì í kọ orúkọ ẹni tí kò bá tíì gun òkè yẹn láì fẹsẹ̀ kanlẹ̀ sára kẹ̀kẹ́. Èyí tó burú jù ni pé orúkọ Ghirmay ti bá ọ̀dà tí wọ́n ha dànù lọ, wọn ò sì fura.

Nígbà tí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà dé ilé Ghirmay, ojú bàbá náà yí padà. "Ẹ ha orúkọ tí mo fi òógùn gbà, ẹ wá kọ èyí tí ẹnìkan ò jìyà fún. Kibrom, má rán àgbà kankan wá tọrọ ọmọ mi láé."

Kibrom kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pa á rẹ́."

"Má fọwọ́ kàn án!" Azieb ló sọ̀rọ̀. "Bàbá, ọjọ́ Àìkú ni mo máa gun òkè náà. Bí mo bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ẹ pa orúkọ mi rẹ́, mi ò sì ní dárúkọ Kibrom nílé yìí mọ́. Bí mi ò bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá mú ọ̀pá rẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, kùrukùru bo òkè. Bàbá àti Kibrom dúró lórí rẹ̀, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, Azieb yọ, kẹ̀kẹ́ ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́gọ̀ọ́, agbára Azieb ti tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ kúrò lórí pẹ́dà. Kibrom dijú.

Ghirmay, ẹni àádọ́rin ọdún, ju ọ̀pá nù, ó sáré tọ̀ ọ́ lọ. "Má fẹsẹ̀ kanlẹ̀! Wà á, ọmọ mi! Jọ̀ọ́, wà á!"

Ẹsẹ̀ padà sórí pẹ́dà. Díẹ̀díẹ̀, ó dókè, àwọn ọkùnrin méjèèjì sì gbá a mú.

Bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kibrom, ọmọ yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń padà sẹ́yìn. Ṣé o mọ ohun tí ò ń tọrọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Òun náà ni mo fẹ́."

"Ó dáa. Kí àwọn àgbà yín wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Azieb gbórí sókè lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. "Kí ló dé tí kò ṣe ọ̀la?"