Ọmọrogùn Ìyá Kenneth

Àárọ̀ ọjọ́ kejì Ọdún Tuntun ni wọ́n bá Ìyá Kenneth nínú àga rẹ̀ ní Pópó Àgùdà, ó ti kú. Kò ṣàìsàn rárá. Tíì tó ń mu kò tíì tutù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Adùnọlá, ìyàwó Kenneth, bíi pé wọ́n ń kan ìṣó mọ́ ọn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí nǹkan kan. Àdúgbò ní tiwọn ti rí ẹni tó ṣe é: Clementina, ẹ̀gbọ́n Kenneth, tí kò lọ́kọ, tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé.

Ìwà Clementina náà kò ràn án lọ́wọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á pa iná yàrá, á we aṣọ dúdú mọ́rí, á lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé láìsọ̀rọ̀. Ẹyẹ kan á sì máa ké lórí páànù. Adùnọlá á máa yọjú wò ó láti ojú fèrèsé òkè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ohun tó ń dun Adùnọlá ju orí lọ ni ọmọrogùn. Nílé yẹn, obìnrin tó bá ń ro fùréjọ̀n Ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹ̀wà olómi àgbọn tí gbogbo ẹbí ń jẹ, òun ló nilé. Ìyá ti kú, Clementina sì ti gbé ọmọrogùn pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Adùnọlá, ẹja ni wọ́n ní kó máa dín láti ọjọ́ tó ti wọlé. Owú náà kò jẹ́ kó gbádùn.

"Bàbá Tèmi, ẹ mú ọ̀kan, èmi tàbí àǹtí yín!" Adùnọlá sọ fún ọkọ rẹ̀. "Síkáànù ò rí nǹkan kan. Kí ló kù bí kì í bá ṣe àjẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n o," Kenneth dáhùn. "Àmọ́ tí wòlíì bá dárúkọ wọn, wọ́n á kó ẹrù wọn jáde nílé yìí."

Wọ́n lọ bá Wòlíì Jóṣúà ní Ìsàlẹ̀ Gángan.

"Ìgbà wo ni orí máa ń fọ́ yín jù?" wòlíì bi Adùnọlá.

"Tí àǹtí bá ń bá ọkọ mi rẹ́rìn-ín," Adùnọlá ní. "Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá fún un."

"Nígbà tẹ́ ẹ lọ kí àwọn òbí yín n'Íjẹ̀bú ńkọ́?"

Adùnọlá ronú. "Kò fọ́ mi rárá, sà."

"Àjẹ́ wo ni kò mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú? Owú ni, màdáámù. Owú àti ìbínú tẹ́ ẹ gbé mì. Ẹ lọ bá àǹtí yín sọ̀rọ̀."

Ojú ti Adùnọlá, inú sì tún bí i.

Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí kíṣìnì. Clementina ń ro fùréjọ̀n, aṣọ dúdú yẹn wà lórí rẹ̀.

"Àǹtí, mo pè yín ní àjẹ́. Ẹ má bínú."

"Mo gbọ́. Gbogbo Pópó ló gbọ́."

"Kí wá ni aṣọ dúdú yìí?"

"Orí ló ń fọ́ mi. Mi ò lè wo iná." Omi lé ròrò sí ojú Clementina. "Láti ọjọ́ tí Kenneth ti gbé ẹ wọlé ni. Èmi ni mò ń bu oúnjẹ ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Clementina kò fi ọmọrogùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó sún ọwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀ lára igi náà, Adùnọlá sì di ìsàlẹ̀ igi mú. Wọ́n jọ ń rò ó.

Kenneth pariwo láti òkè: "Oúnjẹ mi dà?"

"Mò ń bọ̀!" àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àwọn méjèèjì lọ sí iwájú orí.