Nọ́ọ̀sì Icilda Kò Dá Yàrá Wọn Mọ̀ Mọ́

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí a sin ìyá mi, Nọ́ọ̀sì Icilda, ni wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn lọ wo Díákónì Ferron nílé. Díákónì fúnra wọn ló wá sọ fún wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fìlà lọ́wọ́.

“Merlene, mo jókòó, mò ń mu tíì, ni ìyá ẹ bá di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ yẹn tutù! Wọ́n ka bí ọkàn mi ṣe ń lù, wọ́n ní, ‘Ferron, o tún ti ń jẹ iyọ̀.’”

“Ṣé ẹ sì ń jẹ ẹ́?”

Díákónì wolẹ̀. “Ẹja oníyọ̀ díẹ̀ ni.”

Ogójì ọdún ni Nọ́ọ̀sì Icilda fi gun òkè sọ̀ kalẹ̀ ládùúgbò wa, Bíbélì àti oògùn nínú báàgì kan náà. Wọn kì í gúnni lábẹ́rẹ́ láìgbàdúrà, àdúrà náà sì máa ń nini lára ju abẹ́rẹ́ lọ. Bí ara èmi ọmọ wọn bá gbóná, wọ́n á ní, “Mu omi, gbàdúrà, mò ń bọ̀.” Kí wọ́n tó dé, ara mi á ti yá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n kìlọ̀ ṣúgà fún Miss Pansy tó ń ṣe búrẹ́dì. Wọ́n tún egbò ẹsẹ̀ télọ̀ dì. Gbogbo ilé ni wọ́n yà, àfi ilé tiwa. Inú bí mi, ẹkún sì gbọ̀n mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ kí ìyá mi wálé, kí wọ́n tó lọ pátápátá.

Àfi bí mo ṣe rántí ohun tí Àǹtí Vernice, àbúrò wọn, ṣe lọ́jọ́ ìsìnkú. Wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì ìyá mi sábẹ́ fèrèsé, wọ́n kọjú dígí sí ògiri, kí òkú má baà dá yàrá rẹ̀ mọ̀.

“Àǹtí, ẹ̀yin lẹ lé wọn!”

“Èmi kọ́, àṣà ni. Àbí o fẹ́ máa bá òkú gbélé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Orí ẹ ò pé.”

Nígbà tí Àǹtí lọ sọ́jà ní Sátidé, mo dá gbogbo ẹrù padà sáyè rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìrẹsì ń hó lórí iná. Òórùn ọṣẹ ìwòsàn tí ìyá mi máa ń lò gba ẹ̀yìn mi kọjá. Mo na ọwọ́ mi kí wọ́n dì í mú, ẹnikẹ́ni kò dì í mú. Irin bẹ́ẹ̀dì ló dún nínú yàrá, lẹ́yìn náà ni ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Ẹni tí kì í sinmi! Mo wọ yàrá, mo fi aṣọ bo ohun tí n kò rí. Aṣọ náà kò kan bẹ́ẹ̀dì. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, jẹ́jẹ́, títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ìgbà náà ló wá tẹ́ pẹrẹsẹ.

Àǹtí Vernice yọjú wọ yàrá, wọ́n sì dúró gbagidi. Bàtà funfun méjì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, amọ̀ pupa lára rẹ̀. Àwa méjèèjì la wọ bàtà náà fún ìyá mi nínú pósí.

“Merlene,” wọ́n rọra sọ ọ́, “ẹni tó bá bọ́ bàtà, kò ní in lọ́kàn láti padà lọ.”