Ìmọ́lẹ̀ Fóònù Nínú Yàrá Ẹja

Abẹ́ iná pupa ni Sharvil ti kọ́kọ́ rí Ketaki. Ketaki wọ yàrá tá a ti ń fi ẹja ṣèwádìí ní Pune, ní Íńdíà, tẹ̀ríntẹ̀rín, ìgò kékeré kan tí wọ́n fi bébà dúdú wé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tilẹ̀kùn, jọ̀ọ́! Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé!" Sharvil ké mọ́ ọn.

"Ẹ n lẹ́ o. Èmi tí mo ṣe oògùn ni wàá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀?"

Ojú ti Sharvil. Ketaki ló ṣe é lóòótọ́. Sẹrotónìn ni, èròjà inú ọpọlọ tó ń mú ara balẹ̀, àmọ́ Ketaki ti dè é, kò lè ṣiṣẹ́ àfi tí ìmọ́lẹ̀ bá tú u sílẹ̀; iná pupa nìkan ni kì í tú u. Sharvil ló ń fi í sára ọmọ ẹja, táá tanná sí i, táá wo bí ìlúwẹ̀ẹ́ wọn ṣe máa yí padà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń jọ mu tíì lẹ́nu géètì.

Lọ́jọ́ kan, ìyá Sharvil pè é, ó ní òun fẹ́ rí ojú ọmọ òun. Ó bá gbé fóònù ti abọ́ ẹja.

"Mo ti rí ìyàwó mẹ́ta fún ẹ."

"Ìyá mi, mo ti rí tèmi."

Ni wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Ketaki lọ. Nígbà tó wá tanná sí ẹja, ìlúwẹ̀ẹ́ wọn ò yí padà rárá. Ìmọ́lẹ̀ fóònù ti tú oògùn sílẹ̀ tipẹ́.

Ọ̀gá wa, Dókítà Paranjape, bi Sharvil léèrè nípàdé ohun tó fà á. Ẹ̀rù bà á.

"Bóyá oògùn ni ò dáa, sà."

Ẹ gbà mí o! Ketaki da iṣẹ́ oṣù mẹ́ta nù, ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọ̀gá ní tó bá tún bàjẹ́, kó máa lọ. Sharvil ò lè jẹun mọ́. Tó bá rí Ketaki lọ́ọ̀ọ́kán, ńṣe ló ń yà síbòmíràn.

Nípàdé tó tẹ̀ lé e, ó dìde.

"Oògùn dáa. Fóònù mi ló bà á jẹ́. Mo purọ́ mọ́ Ketaki."

Gbogbo wa yíjú sí Ketaki.

"Kí lò ń wò nínú fóònù?" Ketaki bi í.

"Ìyá mi. Mò ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá tọrọ ẹ."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ketaki ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò kí i.

Àfi ọjọ́ tó gbé ìgò tuntun dé. Ó na ọwọ́.

"Fóònù dà?"

Sharvil gbé e fún un. Ketaki pa á, ó tì í sápò.

"Kí ìyá ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Àmọ́ ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ ohun tó o ṣe sí mi, lójú àwọn òbí mi."

"Màá sọ ọ́." Ojú ṣì ń tì í, omijé ti lé ròrò sí i.

"Ó dáa. Tilẹ̀kùn, jọ̀ọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé."