Ta Ló Rán Ọrùn Aṣọ Ọmọ Náà Pọ̀?

Ọ̀sán gangan ni wọ́n bá ìyàwó àkọ́kọ́ ilé náà nínú kànga. Ọbẹ̀ tó gbé kaná ṣì ń hó. Ọmọ rẹ̀ jòjòló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ síbẹ̀ ni. Obìnrin náà kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì dágbére. Bàtà rẹ̀ nìkan ló wà lẹ́bàá kànga, ó tò wọ́n pọ̀ dáadáa bíi ti ẹni tó fẹ́ wọ yàrá àlejò.

"Àjẹ́ ni," ni àdúgbò wí. Wọn ò tilẹ̀ wá àjẹ́ náà jìnnà, ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n nawọ́ sí. Ṣé ìyá yìí ti sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìyàwó náà lójú gbogbo ẹbí, ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé gbọ́ létí. Àwọn òbí ìyàwó ti fìbínú wá: "Ẹ pe ọmọ wa ní wèrè!" Wọ́n ní kí ìyá kúnlẹ̀, kó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó gbé e mì. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni kànga gba ìyàwó. Ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ, ó kó lọ, kò wẹ̀yìn mọ́. Ó wá ku ìyá náà àti àbíkẹ́yìn rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà.

Bí Káfíńtà ṣe pàdé ìfẹ́ tirẹ̀ nìyí. Omidan aránṣọ kan ló ní kó wá bá òun tún tábìlì ẹ̀rọ òun ṣe. Bó ṣe ń kan ìṣó, ìṣó fa apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya. Omidan náà ní kó bọ́ ọ wá. Ojú tì í, àmọ́ ó bọ́ ọ. Nígbà tí omidan rán an tán, Káfíńtà fi ọwọ́ kan ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta kéékèèké tó gba orí ara wọn kọjá síbi tí òwú parí sí.

"Kí lèyí?" Káfíńtà bi í.

"Àmì mi ni. Aṣọ tí mo bá fi ìfẹ́ rán ló ń ní in."

"Ó máa wà lára aṣọ gbogbo oníbàárà yín nìyẹn."

"Rárá. Tiyín ni àkọ́kọ́."

Ẹ̀yin ẹ wo bí ọkùnrin ṣe ń gbàgbé òòlù sílé onílé! Ọjọ́ kejì ló padà wá mú un, ó tún gbàgbé rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe omidan ní Abẹ́rẹ́, omidan náà ń pè é ní Òòlù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ra, tí Abẹ́rẹ́ kó wá sílé ọkọ lọ́dọ̀ ìyá, àwọn ọ̀rẹ́ ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ohun tí ọkọ ò bá kàn nílé yẹn, ìyàwó á rán an.

Oyún dé. Láti inú oyún ni oorun ti ń sá fún Abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ní aláboyún ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ó bí ọmọbìnrin kan tó fi gbogbo ojú jọ bàbá rẹ̀. Ó yẹ kí ilé kún fún ẹ̀rín. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Abẹ́rẹ́ á jókòó ti ọmọ láàárọ̀ títí di àṣálẹ́, kò ní fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ á máa wo àjà. Oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀.

"Òòlù, ṣé o gbọ́ wọn?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn ẹyẹ. Wọ́n wà lórí páànù."

Káfíńtà tẹ́tí. Lóòótọ́, nǹkan kan ń fi èékánná họ páànù. Ó gbé àkàbà, ó gùn ún lọ wò ó, ó sì sọ̀kalẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹyẹlé lásán ni, olólùfẹ́ mi."

Abẹ́rẹ́ ò rẹ́rìn-ín. "Ẹyẹlé kì í pe èèyàn lórúkọ," ló wí.

Káfíńtà tún gbójú sókè wo àjà.

Obìnrin kan wà ní ìkọjá ọgbà tí wọ́n ń pè ní Rédíò, nítorí ìròyìn kì í sùn lẹ́nu rẹ̀. Òun ló lọ bá Káfíńtà níbi tó ti ń fá pákó.

"Àbúrò mi, mi ò fẹ́ sọ nǹkan kan o."

"Ẹ má sọ ọ́ nígbà náà, ẹ̀gbọ́n."

"Ó ti dénú ẹnu, ibo ni mo fẹ́ gbé e gbà? Màmá yín. Tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, ta ni wọ́n ń bá ṣèpàdé lórí kànga?"

Káfíńtà bú u, ṣùgbọ́n inú ti ń fu òun náà. Ó ti rí i. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ á fi aṣọ bo orí, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ, á jókòó sórí ìdérí kànga, á dojú kọ fèrèsé yàrá Abẹ́rẹ́. Kò ní mira. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ibẹ̀ náà ni wọn á tún ti bá a. Káfíńtà ti bi í léèrè rí.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ń gba atẹ́gùn."

"Atẹ́gùn wà níwájú ilé."

"Ti ẹ̀yìnkùlé ló bá mi lára mu." Ìyá yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Rédíò wá bá wọn ká aṣọ tó wà lórí okùn nínú yàrá Abẹ́rẹ́. Igbe rẹ̀ ló pe Káfíńtà wọlé. Aṣọ ọmọ ló kó dání, gbogbo wọn pátá. Ẹnì kan ti rán ọrùn wọn pọ̀. Ó rán ojú apá pọ̀, ó rán fìlà pọ̀ bí àpò. Kò sí èyí tí ọmọ lè wọ̀ nínú wọn.

"Wọ́n ti rán ọ̀nà ọmọ yìí pa!" Rédíò nà wọ́n sókè. "Ọmọ tí orí rẹ̀ ò lè gba inú aṣọ kọjá, báwo ló ṣe fẹ́ gba inú ayé kọjá?"

Abẹ́rẹ́ wà ní igun yàrá, ó gbé ọmọ sáyà. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

"Èmi kọ́."

"Ta ni tí kì í bá ṣe yín? Ta ló tún ń wọ yàrá yìí?"

Ìyá la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kan dé orí ahọ́n rẹ̀, gbogbo wọn ló rí i pé ó dé ibẹ̀. Ó wo Abẹ́rẹ́, ó wo Rédíò, ó sì pa ẹnu dé.

"Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe gbé e mì!" Rédíò pariwo. "Èyí tí wọ́n gbé mì níjọ́sí ló pa ìyàwó àkọ́kọ́!"

Omi lé ròrò sójú Káfíńtà. "Màmá, ẹ kó ẹrù yín. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú."

"Lé mi lọ́la, ọmọ mi. Má jẹ́ kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ òní. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ìpàdé ti òní ni wọn ò fẹ́ pa jẹ!" ni Rédíò wí.

Rédíò ní kí wọ́n sun àwọn aṣọ náà. Káfíńtà kó wọn lọ sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó dà wọ́n sórí èérún igi, ó ṣáná. Ó mú èyí tó kéré jù nínú wọn, funfun kan tí Abẹ́rẹ́ rán nígbà tó lóyún, tó ń kọrin sí i bó ṣe ń rán an. Ó fẹ́ kọ́kọ́ tiná bọ èyí, àmọ́ ìka rẹ̀ kan nǹkan. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Níbi tí òwú tuntun tó dí ọrùn aṣọ náà parí sí, ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta kéékèèké gba orí ara wọn kọjá.

Ó mú òmíràn, ó rí i níbẹ̀. Ó mú fìlà, ó rí i níbẹ̀ náà.

Ẹni tó rán aṣọ yìí pọ̀, ìfẹ́ ló fi rán an.

Iná ìṣáná jó o níka títí ó fi kú, kò mọ̀. Ó ti ń sáré. Nígbà tó dé yàrá, ọmọ nìkan ló bá lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sùn, ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè.

Káfíńtà sáré yí padà. Ó gba ẹ̀yìnkùlé.

Bàtà Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ rí lẹ́bàá kànga. Ó tò wọ́n pọ̀ dáadáa. Ìyá jókòó sórí ìdérí kànga, ẹrù rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fa aṣọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Mi ò ní dìde."

"Èmi ni àjẹ́ náà, Màmá. Àwọn ẹyẹ ló sọ ọ́. Mo rán gbogbo ojú aṣọ pọ̀ kí wọ́n má baà rí ibi wọlé sọ́mọ mi lára, wọ́n ṣì ń bọ̀. Wọ́n ní tí mo bá wọ inú omi, wọ́n á fi í sílẹ̀. Ẹ ṣàánú mi, ẹ dìde."

"Ìyàwó mi, ìdí mi ti lẹ̀ mọ́ ibí látọjọ́ tí o ti bímọ. Tí o bá lè gbé mi, gbé mi."

Rédíò ti tẹ̀ lé Káfíńtà dé ẹ̀yìnkùlé. "Ó ti jẹ́wọ́ o! Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ gbọ́! Ìyàwó gan-an ni!"

Káfíńtà yíjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n, lọ́sàn-án, ìyá mi ni àjẹ́. Nísinsìnyí, ìyàwó mi ni. Lọ́la ńkọ́? Ṣé èmi ni, àbí ọmọ tí kò tíì léyín?"

Rédíò la ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò sí ìròyìn níbẹ̀.

Káfíńtà kúnlẹ̀, ó fa Abẹ́rẹ́ mọ́ra. Ara rẹ̀ tutù bí irin.

"Fi mí sílẹ̀, Òòlù. Mo léwu."

"Ayùn ni mò ń lò lójoojúmọ́. Èmi àti ewu ti mọra."

Ìyá mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ní kí n gbé mì. Mo fẹ́ bì í jáde báyìí. Abísínwín. Kì í ṣe èébú. Orúkọ àìsàn ni, tó máa ń mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lọ́pọlọ. Àwọn tó bí wa mọ̀ ọ́n, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Mo rí i lójú ìyàwó àkọ́kọ́, mo sọ ọ́, wọ́n ní mo bú u. Nígbà tí mo rí i lójú tìrẹ, ẹ̀rù bà mí. Mo ní tí mo bá tún sọ ọ́, wọ́n á lé mi, ta ni yóò wá máa jókòó síbí?"

Ẹyẹlé kan fò kúrò lórí páànù.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn náà ni wọ́n gbé Abẹ́rẹ́ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí. Nọ́ọ̀sì ò kígbe, kò sì káwọ́ lérí. Ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Ṣé o ń rí oorun sùn, màmá ọmọ?"

"Rárá."

"Àwọn ohùn yẹn, ṣé wọ́n ń ní kó o ṣe ara rẹ léṣe? Àbí ọmọ?"

Abẹ́rẹ́ nawọ́ sí àyà ara rẹ̀. "Èmi. Inú kànga." Ó bú sẹ́kún. "Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

"Mo ti bi ọ́ báyìí. Àìsàn ni, ìwọ kọ́ lo fà á, ó sì ní ìtọ́jú. Kò gbọdọ̀ di ọ̀la, dókítà ọpọlọ máa rí ọ lónìí." Ó kọjú sí Káfíńtà. "Má bá a jiyàn lórí ẹyẹ, má sì bá a gbà. Jókòó tì í. Kí ẹlòmíràn gbé ọmọ, kí òun lè sùn. Má fi í sílẹ̀ nìkan rárá."

Ilé ìwòsàn dá a dúró. Oògùn kọ́kọ́ sọ ara rẹ̀ di òkúta, ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu rẹ̀. Káfíńtà á jókòó tì í, á máa fi ṣẹ́ẹ̀tì tó bá a rán níjọ́sí nu ojú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ẹyẹ náà dín kù títí tó fi ku ẹyọ kan. Ọjọ́ kan ni èyí náà dákẹ́. Lọ́jọ́ náà, Abẹ́rẹ́ ní kí wọ́n gbé àwọn aṣọ ọmọ wá. Ó ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò tú àwọn àmì rẹ̀.

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ ti padà sílé, Rédíò yọ́ wọlé lọ́sàn-án kan, ojú tì í. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó lóyún dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ pè é fún mi dáadáa. Ọmọ mi yìí ò sùn mọ́, ẹkún ló ń sun ṣáá."

Ìyá ní kí wọ́n lọ bá nọ́ọ̀sì ní kíá. Wọ́n lọ. Ẹ sì mọ Rédíò: kó tó di ọjọ́ ìsinmi, gbogbo àdúgbò ti mọ ibi tí aláboyún tí kò sùn ń lọ.

Káfíńtà kan ìdérí tuntun mọ́ kànga, ó fi àgádágodo sí i. "Màmá, ẹ lè máa wọlé nírọ̀lẹ́ báyìí."

Ìyá ò wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Abẹ́rẹ́ bá a níbẹ̀ tó fi aṣọ bo orí.

"Ṣé ẹ ṣì ń bẹ̀rù fún mi ni, Màmá?"

"Ìwọ kọ́." Ìyá fọwọ́ pa ìdérí kànga. "Ìyàwó àkọ́kọ́ ni mo jókòó fún. Òun ò rí ẹni jókòó fún un."

Èékánná họ páànù. Abẹ́rẹ́ gbé orí sókè, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó tẹ́tí sílẹ̀ pẹ́.

"Ẹyẹlé ni," ló wí.

"Ẹyẹlé ni," ni ìyá náà wí.

Abẹ́rẹ́ bọ́ bàtà rẹ̀. Kò tò wọ́n. Ó sọ wọ́n síbi tó bá wù wọ́n, ó sì jókòó ti ìyá rẹ̀.