Èèpo Ọta Inú Yìnyín

Ẹni tó bá mọ Orrin Tveit mọ̀ pé kì í parọ́. Kì í parọ́ àní lórí bí ẹran tó pa ṣe tóbi tó, níbi tí gbogbo ọdẹ ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà ti máa ń bù mọ́ ọn. Leif àbúrò rẹ̀ ni aláròsọ inú wọn. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, bí ẹ tilẹ̀ bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, ó ṣẹlẹ̀.

Orúnkún Orrin ló fà á. Ẹṣin gbé e ṣubú, orúnkún fọ́, wọ́n tò ó, kò sì jinná dáadáa. Láti ìgbà náà ni kò ti lè sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì kó tún gun òdìkejì mọ́. Bẹ́ẹ̀, òdìkejì ni àwọn akọ àgbọ̀nrín ńlá ti máa ń jẹko lóṣù Kẹwàá. Leif ló ń bá a gbé ẹran wálé lẹ́yìn. Bàbá wọn ti kú, ìyá wọn ti kú, Leif kò ní aya, ti Orrin sì ti kọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì ló ṣẹ́ kù fún ara wọn. Orrin fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ ju ohunkóhun láyé lọ, kò sì sọ ọ́ fún un rí.

Bí ẹsẹ̀ kò bá lè dé òdìkejì, ọta gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ohun tí Orrin ń rò ní gbogbo ìgbà òtútù nìyẹn. Kò lè jókòó. Á dìde nídìí oúnjẹ, á lọ ya àwòrán ọta, á pa á rẹ́, á tún un yà.

Nígbà tó mú un lọ sọ́dọ̀ Virgil, àgbàlagbà tó ń tún ìbọn ṣe nílùú wọn, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Virgil ní kó ra ọta tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó bi í pé tó bá gbàgbé ọta àdáṣe rẹ̀ sílé, ta ló máa tà á fún un lórí òkè? Leif fẹ́ èyí tí èèpo rẹ̀, ìyẹn idẹ tí ẹ̀tù máa ń wà nínú rẹ̀, kéré, tí ẹ̀tù rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní èjìká òun kì í ṣe ilẹ̀kùn tí màlúù ń ta nípàá.

Orrin kò gba ti ẹnikẹ́ni. Èèpo idẹ tó tóbi jù lọ ló mú, ó fún ọrùn rẹ̀ títí ó fi tín-ín-rín, kó lè gba ọta gígùn tí atẹ́gùn kò ní lè tì. Ológbò ìgbó ni wọ́n ń pe irú ọta bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún, torí pé kò sí ilé iṣẹ́ tó ń sìn ín.

"Ẹ̀tù tó pọ̀ tó yẹn á jẹ ọ̀fun ìbọn rẹ," Virgil sọ fún un.

"Tó bá jẹ ẹ́ tán, màá ra òmíràn."

"Àṣejù, baba àṣetẹ́."

Síbẹ̀ Virgil bá a ṣe é. Wọ́n ní kí alágbẹ̀dẹ kan rọ irin kan wá, èyí tí wọ́n fi gbẹ́ ilé tí ọta náà máa wọ̀ nínú ìbọn. Nígbà tí iṣẹ́ parí, Orrin gba irin náà, ó gbé e lé orí owú alágbẹ̀dẹ, ó fi òòlù fọ́ ọ. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ irú rẹ̀ mọ́ láé. Leif rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Virgil kò rẹ́rìn-ín.

Ìbọn kan ṣoṣo ló wá kù láyé tó lè yin ọta náà. Bí a bá sì yìn ín, èèpo idẹ rẹ̀ á wú, á gba ìrísí ilé tó wọ̀, bí bàtà ṣe ń gba ìrísí ẹsẹ̀. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ọta fúnra wọn kì í fi èèpo sílẹ̀ lóko. Wọ́n á fi orúnkún wọ́lẹ̀ wá a, ìbáà wà nínú ẹ̀gún, kí wọ́n lè tún rọ ẹ̀tù sí i yìn.

Oṣù Kẹwàá dé. Yìnyín bọ́, ó dáwọ́ dúró. Lọ́sàn-án, tẹ̀gbọ́n tàbúrò dùbúlẹ̀ létí àfonífojì. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Akọ àgbọ̀nrín kan jáde lódìkejì, ó dúró gbọnrangandan. Leif ń fẹnu kẹ́lẹ́ sọ bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́. Orrin fi ìka kan irin ìyìnbọn.

Ìbọn dún. Kì í ṣe tirẹ̀. Òdìkejì ló ti dún.

Àgbọ̀nrín gbórí sókè, ó rọra rìn wọ inú igi lọ. Leif ṣépè, ó ní òun ń lọ wo ọmọ burúkú tó ba ọdẹ àwọn jẹ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó padà. Kò ṣàwàdà. Ó fi nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́ Orrin.

"Inú yìnyín ni mo ti mú un. Ó ṣì ń gbóná."

Èèpo ọta ni. Orrin yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó wo ìdí rẹ̀. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ìbọn ti gún un yà díẹ̀ sí òsì, bí ìbọn Orrin ṣe máa ń gún tirẹ̀. Ó tì í bọ inú ìbọn. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́. Wọ́n wo inú àpótí, ọ̀kankan nínú èèpo tiwọn kò dín. Àti pé ọrùn eléyìí ti sán. Èèpo kì í sán bẹ́ẹ̀ àfi tí wọ́n bá ti yìn ín láìmọye ìgbà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Orrin tíì yin ọ̀kọ̀ọ̀kan tirẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ta lo rí níbẹ̀?"

"Kò sí ẹsẹ̀. Tèmi nìkan ni." Leif bojú wẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n ẹnì kan dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Yìnyín tẹ̀. Kò kọjú sí ẹran, Orrin. Ọ̀dọ̀ wa ló kọjú sí."

Ẹ̀rù ba Orrin. Ó ní kí wọ́n palẹ̀ àgọ́ mọ́ kí wọ́n máa lọ sílé. Leif kọ̀. Ó ní ẹni tó bá na ìbọn sí òun, òun gbọ́dọ̀ mọ ojú rẹ̀, pé tílẹ̀ bá mọ́ òun máa lọ jókòó síbẹ̀ dè é. Orrin bẹ̀ ẹ́. Kò bẹ̀ ẹ́ rí látìgbà tí wọ́n ti dáyé.

"Ìwọ ṣáà so ológbò rẹ mọ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n," Leif sọ. Ẹ̀fẹ̀ ló máa ń fi 'ẹ̀gbọ́n' yẹn ṣe, ọdún kan péré ni Orrin fi jù ú.

Orrin so ó mọ́lẹ̀ lóòótọ́. Bí Leif ṣe lọ láàárọ̀, ó kó gbogbo ọta sínú ọkọ̀, ó tì í. Ó yọ irin tó ń ti ìdí ìbọn, èyí tí ìbọn kò lè dún láìsí i, ó fi í sápò. Lẹ́yìn náà ló dùbúlẹ̀ létí àfonífojì, ó gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú. Ó gbé e kalẹ̀. Ó tún gbé e. Ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí Leif wọ̀ hàn lódìkejì, ó kéré bí èso. Leif jókòó. Ó juwọ́. Orrin juwọ́ padà.

Leif kò sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì mú dání kùn.

"Orrin, ta nìyẹn?"

"Ta lò ń sọ?"

"Ẹni tó dùbúlẹ̀ tì ọ́."

Orrin kò lè yíjú. Atẹ́gùn dáwọ́ dúró. Létí rẹ̀ ló ti gbọ́ èémí. Ẹnì kan mí sínú, ó mí ìdajì síta, ó sé ìyókù mọ́ra. Bí bàbá wọn ṣe kọ́ wọn láti mí nìyẹn, kí wọ́n tó yinbọn.

Ó yíjú. Yìnyín nìkan ló wà níbẹ̀. Yìnyín náà ń tẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Ìbọn dún létí rẹ̀. Etí rẹ̀ di. Ó sáré fọwọ́ kan ìbọn tirẹ̀ tó wà nílẹ̀. Ó gbóná. Irin ìdí rẹ̀ ṣì wà nínú àpò.

"Dùbúlẹ̀!" ló ń pariwo. "Leif, dùbúlẹ̀!"

Irú ọta yẹn máa ń ṣáájú ìró ara rẹ̀. Ẹni tó bá bà kì í gbọ́ ọ. Orrin ń retí ohùn Leif. Ẹ̀rọ tún kùn.

"Mo gbọ́ ọ," Leif sọ. "Ìbọn rẹ ló dún. Kí lo yìn?"

Leif padà wá láìfarapa. Wọ́n wá ojú ibi tí ọta bà títí di ọ̀sán. Kò sí igi tó ya, kò sí òkúta tó sán, kò sí ibi tí yìnyín ti fọ́n ká. Nígbà tí wọ́n délé, Virgil yọjú sínú ọ̀fun ìbọn náà. Ó ní ẹ̀tù ti jẹ ẹ́ tán, bí ìbọn tí wọ́n ti ń yìn látìgbà èwe ẹni. Ó fi ayùn rẹ́ ẹ wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ó ti pẹ́. Leif ti ń rẹ́rìn-ín padà, ó tilẹ̀ ti ń bá obìnrin kan jáde. Orrin ni kò lè fara balẹ̀. Ìró ti dé, wọ́n gbọ́ ọ. Ọta ni kò tíì bà síbì kankan, ọta tí wọ́n bá sì ti yìn gbọ́dọ̀ bà síbì kan. Bí wọ́n bá ń rìn lójú títì, á tiro bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí òkè. Bí wọ́n bá jókòó mu kọfí, òun ló ń jókòó sí ìdí fèrèsé.

Leif bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kì í jẹ́ kí òun rí ìta. Orrin ní oòrùn ló ń wọlé, kò fẹ́ kó ta á lójú. Ìkùukùu bo gbogbo ojú ọ̀run lọ́jọ́ náà. Leif wo ojú ọ̀run, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì mu kọfí rẹ̀. Orrin kò kúrò nídìí fèrèsé.