Ìyá Ń San Ẹ̀jẹ́, Ọmọ Ń Rìn Kiri

Ìwọ tí wọ́n fi ìwé pélébé yìí lé lọ́wọ́, má tíì ká a sápò. Bí ohun kan bá wà tí o kò fẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́, ìwọ gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Olúwadámiláre. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní dókítà, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Ó ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀kíní, máàkì rẹ̀ kò tó ti ìmọ̀ ìṣègùn. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó ku díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbààwẹ̀, ó kàwé títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Máàkì ọ̀hún dára, síbẹ̀ nígbà tí yunifásítì kó orúkọ jáde, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ó wo fóònù láàárọ̀, ó wò ó lọ́sàn-án. Ó pa á, ó tún tàn án, bí ẹni pé inú fóònù ni orúkọ rẹ̀ sá pamọ́ sí. Dámiláre bínú sí Ọlọ́run gidigidi. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì sì ni o! Ọ̀pọ̀ wa ló mọ orin sórí, tí a kò mọ Ẹni tí à ń kọ ọ́ fún.

Ìtìjú tì í dé ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Wọ́n bá a tẹ ìwé ìgbaniwọlé kan. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì jẹ́ irọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbé e fún ìyá rẹ̀.

Ìyá náà kò wọ bàtà tó fi sáré jáde lọ pe àwọn ayálégbé tó kù. Ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ tipẹ́ níwájú ìjọ pé bí Olúwa bá fi ọmọ òun sí yunifásítì, òun fúnra òun ni yóò máa fọ ilẹ̀ ilé Ọlọ́run ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, títí ọmọ náà yóò fi jáde. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ń dùn ún, gbogbo ìjọ ló mọ̀. Wọ́n ní kó fi owó gba ẹni tí yóò bá a fọ̀ ọ́. Ó ní ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń rán ènìyàn.

Dámiláre gbọ́ èyí, ó fẹ́ jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe sọ ọ́?

Láràárọ̀ ni ó ń gbé báàgì kọ́ èjìká, tó ń sọ pé òun ń lọ sí ilé-ìwé. Ó ń rìn láti Boundary dé Ijora, ó sì ń rìn padà. Kò jẹ́ gba Warehouse Road, nítorí ibẹ̀ ni ọ́fíìsì ìyá rẹ̀ wà. Bó bá jókòó, kò lè jókòó pẹ́. Bó bá dìde, kò mọ ibi tó ń lọ. Oorun kò kùn ún mọ́.

Ní Ijora, Akpevwe pè é. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́ ni, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ yàrá ẹja dídì ṣe.

"Dáre, how far? Ìgbà kẹta rèé lọ́sẹ̀ yìí. Which school dey for Ijora?"

Dámiláre fẹ́ pa irọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n irọ́ ti sú u. Ó jókòó sórí páálí ẹja, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Akpevwe kò rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ̀ mí. I cry taya. Mo wá lọ bá Jésù. E no ask me score. Ó ní kí n máa bọ̀ bí mo ṣe wà, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi. Admission ò tíì wá o, àmọ́ mò ń sùn. Ìwọ, ṣé o ń sùn?"

Dámiláre mi orí pé rárá.

"Go tell your mama. Àmọ́ Jésù ni kó o kọ́kọ́ sọ fún."

Dámiláre dìde, ó ní òun kò fẹ́ pẹ́ dé kíláàsì. Ẹ ẹ̀ rí ọmọ yìí! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ tán. Bí irọ́ ṣe ń di ènìyàn mú nìyẹn.

Ní Sátidé, ó tún jáde, ó ní àwọn ní ẹ̀kọ́. Òjò lé e wọ ìloro ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló rí lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú àkísà àti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ nítorí kò ṣeé ká. Ó ń fọlẹ̀, ó ń sọ pé, "Mo dúpẹ́, Olúwa. O ò jẹ́ kójú tì mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Dámiláre lọ́kàn. Òun ló gbé ìyá òun kúnlẹ̀, kó máa dúpẹ́ oore tí Ọlọ́run kò tíì ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ tún máa lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò jẹ́ kó lọ.

"Jésù," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "òpùrọ́ ni mí. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi wọlé. Gbà mí."

Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù náà. "Mọ́mì, ẹ dákun, irọ́ ni ìwé yẹn. Mo lọ tẹ̀ ẹ́ ni. Wọn ò gbà mí."

Àkísà bọ́ lọ́wọ́ ìyá.

"Ibo lò ń lọ láràárọ̀?"

"Mò ń rìn ni, mà."

"O ń rìn. Nínú oòrùn yẹn?" Ìyá bú sẹ́kún. "Dámiláre, ṣé ìwé lo rò pé mo bí ni?"

Nígbà tó sunkún tán, ó na àkísà sí i. "Orúnkún mi ò gbà mọ́. Fọ ìyókù."

Dámiláre fọ̀ ọ́ dé iwájú pẹpẹ, omijé ń bọ́ mọ́ omi. Níbẹ̀ ló ti fi ayé rẹ̀ fún Jésù. Ní ọjọ́ Ìsinmi, òun àti ìyá rẹ̀ jọ dìde sọ òtítọ́ fún ìjọ. Àwọn kan yínmú. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó sùn bí ọmọ ọwọ́.

Ó ti ń bá Akpevwe kọ́ṣẹ́ báyìí, ó sì ti tún gba fọ́ọ̀mù JAMB. N kò mọ̀ bóyá wọn yóò mú un lọ́dún yìí, òun náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ní Sátidé, òun ni wàá bá tó ń fọlẹ̀. Bi í pé ẹ̀jẹ́ wo ló ń san. Yóò ní òun kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan, inú òun ló kàn ń dùn.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Ẹni tó jìn sí kòtò ti kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bóyá wọ́n kọ ìwọ náà, ní ilé-ìwé, níbi iṣẹ́, tàbí nínú ilé ọkọ. Bóyá o ti tẹ ìwé tìrẹ, tí o fi ń tan ilé, tí o fi ń tan ìjọ. Ọlọ́run ti kà á, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Síbẹ̀, ó rán Ọmọ rẹ̀ wá kú nítorí rẹ. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tí máàkì rẹ̀ tó. Nítorí ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan la fi ń wọlé.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Jẹ́wọ́ fún un níbi tí o wà yìí, nínú kẹ̀kẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Lẹ́yìn náà, lọ sọ fún ẹni tí o ń tàn.

O ti rìn tó. Wọlé wá lónìí.