Ọkùnrin Tó Ń Sinmi ní Peckham Rye

Orí bẹ́ǹṣì ni Nusaybah ti kọ́kọ́ rí i, ní Peckham Rye ní London, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá tí òtútù ń wọni dé egungun. Gbogbo èèyàn ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Ọkùnrin yìí jókòó pẹ̀sẹ̀, ó fa fìlà bo etí, ó ń mu tíì, ó ń wo igi tí kò léwé. Arẹwà ni, kí n má parọ́. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ kọjá, Nusaybah ò mọ̀.

"Brother, ta lẹ ń dúró dè?"

"Mi ò dúró de ẹnì kankan, sister. Mo kàn ń sinmi ni." Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ jókòó. Bọ́ọ̀sì yín ṣáà ti lọ."

Nusaybah bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó.

Abdulqoyyum ni orúkọ ọkùnrin náà, iṣẹ́ kíkan òrùlé ló ń ṣe. Láti oṣù Kẹta, orí òrùlé ló máa ń wà. Tí yìnyín bá ti dé, á kó irinṣẹ́ pamọ́, á sinmi fún oṣù méjì. Nusaybah tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Bermondsey kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìsinmi, àmọ́ kò pẹ́ tó fi di pé gbogbo Sátidé ló ń wá sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni inú rẹ̀ á ti máa dùn ṣìnkìn. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára.

Ìyá rẹ̀, Àlàájà Mìsítúrà, ló kọ̀ jálẹ̀ pé Nusaybah ò ní fẹ́ ẹ. Ọdún méjìlélógún ni Àlàájà ti ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ládùúgbò Elephant, kò pa ọjọ́ kan jẹ rí.

"Two months ló fi ń sùn? Mi ò bímọ fún ọ̀lẹ o!"

"Mummy, kì í ṣe ọ̀lẹ. Màá fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ẹ láìsí àdúrà yín."

"Màá lọ wo ilé ẹ̀. Má sọ fún un."

Ẹ̀yin náà ẹ mọ àwọn ìyá wa. Wọn kì í sọ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ lọ yẹ ilé àna wò. Aago kan ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Àlàájà àti Nusaybah kanlẹ̀kùn. Abdulqoyyum yọjú tòun ti aṣọ oorun àti búláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Ojú ti Nusaybah bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Ọkùnrin náà sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti búláńkẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ káàbọ̀, Mummy. Ẹ̀yin lẹ jókòó síbi tó gbóná yìí."

Ó rí i pé ẹsẹ̀ Àlàájà wú. Ó gbé tìmùtìmù sábẹ́ ẹ̀, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún un.

"Abdulqoyyum," ni Àlàájà bẹ̀rẹ̀, ó mu ẹ̀kọ díẹ̀, "ọ̀rọ̀ tí mo bá wá..."

Oorun gbé e lọ.

"Mummy ní shift ní three o'clock!" Nusaybah na ọwọ́ láti jí i.

"Olólùfẹ́ mi, jọ̀ọ́, má jí wọn. Wo ojú wọn."

Nusaybah wo ojú ìyá rẹ̀. Kò tíì rí i kí ara rẹ̀ balẹ̀ báyìí rí. Omi lé sí i lójú, ló bá pe ọ̀gá ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé Mummy ò ní lè wá lónìí.

Ilẹ̀ ti ṣú kí Àlàájà tó lajú.

"Aago mélòó ló lù?"

"Márùn-ún, Mummy." Àwọn méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Àlàájà wá fa búláńkẹ́ẹ̀tì náà dé àgbọ̀n.

"Abdulqoyyum, sọ fáwọn ẹbí ẹ kí wọ́n wá tọrọ ìyàwó. Ẹ tètè ṣe yìgì yẹn, kí òtútù tó lọ."

Nusaybah figbe ayọ̀ ta, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀. Àlàájà ní kó rọra, òun ò tíì sùn tán.